Wọ́n Kó O Síbi Mẹ́ta, Wọn Ò Ṣí I Wò: Bí Mo Ṣe Lọ Sọ̀rọ̀ Ìtọ́jú Fáìlì ní Hamburg

Ẹ̀yin ará Boundary ní Àjégúnlẹ̀, ẹ̀yin ará Olódì, ẹ̀yin tí ẹ ń wo ilẹ̀kùn wa láti ọjọ́ Sátidé bóyá mo kó ṣokoléètì bọ̀: mo ti dé o! Èmi Títí, ọmọ Ìyá Títí tó ń ta abọ́ oníke, èmi tí mo ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì kí ìṣirò tó gbà fún mi, mo ti lọ sí Jámánì, mo ti dúró níwájú àwọn òyìnbó oníkóòtù, mo ti gba máìkì, mo ti sọ̀rọ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́! Bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹsẹ̀ mi ò dúró sójú kan lábẹ́ tábìlì. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo fẹ́ wá yin ìlú òyìnbó fún yín. Ẹni tó bá ń wá ìyìn, kó lọ bá àwọn tó máa ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù. Ohun tí mo fojú rí ni màá sọ, ohun tí mo sì rí, ẹ̀rín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Àpótí tó di sàárè

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀, torí àwọn kan ti ń sọ kiri ní Boundary pé ọkọ òyìnbó ni mo rí. Ọkọ kọ́ o. Iṣẹ́ ni.

Ọ́fíìsì kan ní Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Alhaji ọ̀gá wa ló máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Kọ̀ntẹ́nà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀: ìwé ọkọ̀ ojú omi, ìwé aṣọ́bodè, orúkọ ẹni tó ni ẹrù, orúkọ dírẹ́bà tó gbé e. Èmi ni mò ń ya àwọn ìwé yẹn sínú kọ̀ǹpútà, èmi náà ni mò ń tọ́jú wọn. Lọ́dún kan, òjò rọ̀, omi wọ ọ́fíìsì, ó sì mu sẹ́fà wa yó, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo fáìlì ń gbé. Ọkàn wa balẹ̀. Ṣebí dísìkì wà, tí à ń da gbogbo ẹ̀ kọ sí? A gbé dísìkì jáde, a ṣí i. Òfìfo! Ó ti tó oṣù mélòó kan tí kò ti gba ẹyọ ìwé kan sínú, ṣùgbọ́n iná aláwọ̀ ewé tó wà níwájú ẹ̀ ò yéé tàn. Iná yẹn la máa ń wò tí a ó sọ pé nǹkan ń lọ dáadáa. Alhaji jókòó sórí páálí tó ti rin, ó ní, "Títí, àpótí tí èèyàn ò ṣí wò rí, sàárè ni."

Látọjọ́ yẹn ni mo ti dá Àjíǹde Mọ́ńdè sílẹ̀. Ní gbogbo Fúráìdè, mo máa ń gbé dísìkì lọ sílé wa ní Àjégúnlẹ̀, Màmá mi á fi sínú abọ́ oníke tó ní ìdérí, á gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí omi ò lè dé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, màá gbé abọ́ náà wọ kẹ̀kẹ́, ó di Àpápá. Dírẹ́bà tó bá kọ́kọ́ wọlé ló máa dárúkọ kọ̀ntẹ́nà kan, èyí tó bá wù ú, ó lè jẹ́ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo gbọ́dọ̀ jí ìwé ẹ̀ dìde látinú dísìkì, kì í ṣe látinú sẹ́fà o, kí dírẹ́bà náà tó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn ẹ̀ tán. Bí mi ò bá rí i, gbogbo wọn á bú sí orin:

Títí sin ín, kò jí mọ́ o,
Ẹ bá wa gbé pósí wá!

Bàbá Rìsí ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Dírẹ́bà tírélà àtijọ́ ni, ẹnu ẹ̀ mú ju abẹ lọ, ó sì máa ń jẹun bí ẹni pé wọ́n ń lé e bọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo ti kọ́ eré sísá.

Wàyí o, obìnrin kan wà ní Hamburg tó ń jẹ́ Heike. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀ máa ń kó ẹ̀rọ àlòkù ránṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ kan ó pè, ó ní òun ń wá ìwé ẹrù kan tó ti pẹ́, wọn ò rí i mọ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ìwé ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó bi mí bí mo ṣe ṣe é, mo sọ ọ̀rọ̀ búrẹ́dì fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní àpérò kan ń bọ̀ nílùú àwọn, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fáìlì wọn, pé kí n wá sọ ti búrẹ́dì yìí.

Ẹni tí inú ẹ̀ ò dùn ni Bọ̀dá Kúnlé, mánìjà wa, tó fi férémù kọ́ dìgírì ẹ̀ sókè orí àga ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ kí Alhaji kó gbogbo fáìlì wa fún ilé-iṣẹ́ àjèjì kan tó ní òun á máa bá wa pa á mọ́ lókè òkun. Ó ní, "Alhaji, ọmọ ìwé mẹ́wàá! Kí ló fẹ́ sọ fún àwọn òyìnbó?"

Alhaji yí tẹ̀sùbáà ẹ̀ díẹ̀. "Ó máa lọ. Bó bá sọ ọ́ tó yé wọn, kọ́kọ́rọ́ yàrá sẹ́fà á di tiẹ̀, òun lolórí ibẹ̀. Bó bá bà á jẹ́, Kúnlé, kó gbogbo fáìlì fún àwọn èèyàn ẹ, kí Títí padà síbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ṣùgbọ́n fídíò ẹ̀ ni màá fojú ara mi wò. Mi ò fẹ́ àgbọ́sọ."

Ó wá ní kí Bọ̀dá Kúnlé máa bójú tó dísìkì títí màá fi dé. Màmá mi ní òun ò ní gbé abọ́ fún un àfi tó bá kí òun bí ọmọ tí wọ́n tọ́.

Ìlú tí iná ń darí

Físà, ìwé yìí, ìwé yẹn: ẹ jẹ́ ká fò ó. Mo dé Hamburg lọ́sàn-án Sátidé, òtútù ò sì bèèrè orúkọ mi kó tó gbá mi létí.

Heike wá pàdé mi. Obìnrin gíga ni, ó tó bí ìyá mi lọ́jọ́ orí, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni ń fa omi kànga. A wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí mo ṣe wọlé, mo ní lédè gẹ̀ẹ́sì, "Ẹ káàsán o, gbogbo ilé!" Ṣebí bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn? O ò lè wọlé bá èèyàn kí o dákẹ́ bí olè. Ẹ̀yin ará mi, àfi bíi pé mo tú ejò sílẹ̀. Ìyá àgbà kan fa báàgì ẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin kan yọ nǹkan tó fi dí etí, ó wò mí, ó tún dí i padà. Mo rò pé wọ́n rò pé ìwàásù ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àbí oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni mo fẹ́ tà.

Heike fọwọ́ kàn mí. "Títí, níbí, a kì í kí gbogbo ọkọ̀."

"Ta wá lẹ máa ń kí, mà?"

"Ẹni tí a bá mọ̀."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ ò kí i?"

Ọkọ̀ dúró, a sọ̀kalẹ̀.

A fẹ́ sọdá títì. Iná pupa ń tàn fún ẹlẹ́sẹ̀. Èèyàn bíi mẹ́jọ dúró. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì: kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà, kódà ológbò kò kọjá. Títì ṣófo bí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Túsìdè, wọ́n sì dúró gan-an, wọ́n ń wo iná. Èmi tí mo ti ń fo láàárín tírélà ní Àpápá láti kékeré, mo sọdá. Bàbá kan pariwo mọ́ mi láti òdì kejì bíi pé mo jí i lówó. Ìgbà tí iná di aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn tó rìn wá bá mi, pẹ̀lú ìgbéraga. Mo rántí dísìkì wa. Mo sọ nínú ara mi pé, áà, irú àwọn yìí, bí iná bá ti lè tàn, wọ́n ti gbà nìyẹn.

Ẹja tí kò rí iná rí

Oúnjẹ wọn! Láàárọ̀ Sọ́ńdè ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbé búrẹ́dì dúdú kan wá, ó le, ó wúwo, tí o bá sọ ọ́ lu ajá, ajá á lọ ilé ìwòsàn. Wọ́n gbé wàràkàṣì tó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ dírẹ́bà tó ti Kánò dé. Gbogbo ẹ̀ tutù. Mo bi obìnrin tó ń pín in pé ìgbà wo ni èyí tó gbóná máa dé. Ó ní kọfí gbóná. Ẹ gbọ́ o, kọfí!

Lọ́sàn-án, Heike mú mi lọ sí èbúté wọn torí ó mọ ibi tí mo ti wá. Ó ra búrẹ́dì fún mi, ẹja wà láàárín ẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà. Mo ṣí i wò. Ẹja tútù ni, ẹja tí kò rí iná rí láyé ẹ̀, ìrù ẹ̀ yọ síta.

Mo ní, "Mà, wọn ò tíì sè é."

"Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ó dùn!"

Mo wo ẹja náà, mo ní kó má bínú, mo dá a padà fún Heike. Gàárì Ìjẹ̀bú wà nínú báàgì mi, ṣúgà wà, ẹ̀pà wà. Mo ní kó fún mi ní omi nìkan. Ó gbé ìgò kan fún mi, mo da omi sórí gàárì. Ẹ̀yin èèyàn, gàárì bẹ̀rẹ̀ sí í hó! Ó ń ru, ó ń wú, ó yọ ìfófó kọjá etí ife, ó dà sí mi lẹ́sẹ̀! Mo ju ife sílẹ̀, mo pe orúkọ Jésù. Àṣé wọ́n máa ń fi gáàsì sínú omi mímu lọ́hùn-ún, bíi ti mínírà, láìfi adùn kankan sí i. Wàhálà lásán! Heike jókòó sílẹ̀, ó ń fi ẹ̀rín sunkún. Nígbà tó rí omi gidi wá, mo po òmíràn, ó mu ún pẹ̀lú mi, ó sì họ ìsàlẹ̀ ife. Òun nìkan ni mo rí lọ́hùn-ún tó mọ oúnjẹ.

Èbúté wọn ńkọ́? Ó mọ́ tónítóní, ó sì dákẹ́ bí ilé òkú. Kọ̀ntẹ́nà ń rìn fúnra ẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí kò ní dírẹ́bà. Kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni lórúkọ ìyá ẹ̀, kò sí ẹni tó ń ta ẹ̀pà. Mo bi Heike pé bí ìwé bá pẹ́, ta ni wọ́n máa ń bú. Ó ní wọ́n máa ń kọ lẹ́tà. Wọ́n ṣe mí láàánú.

Ọ̀gbẹ́ni Onítáì Pupa

Mọ́ńdè ni àpérò. Gbọ̀ngàn yẹn tóbi, àga ẹ̀ rọ̀ bí àkàrà gbígbóná, wọ́n sì so káàdì mọ́ mi lọ́rùn pé ONÍMỌ̀. Èmi Títí! Mo ya fọ́tò káàdì yẹn níwájú, mo yà á lẹ́yìn, mo lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lọ yà á nínú dígí.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ so táì pupa, ọ̀gá ìtọ́jú fáìlì ní ilé-iṣẹ́ ràgàjì kan ni. Kó tó gun orí pèpéle ló ti rí káàdì mi. Ó ní, "Láti Áfíríkà! Ṣé ẹ ní iná níbẹ̀?"

Mo ní, "A ní in, sà. Ó máa ń lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi gbà á gbọ́."

Ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Àwòrán àpótí àti ọfà ló gbé kún ara ògiri. Ó ní fáìlì gbígbóná wà, èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́; èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ wà; èyí tó tutù náà wà, tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn fún ọdún. Mo rò pé ẹ̀kọ ló ń tà. Nígbà tó béèrè pé ta ló ní ìbéèrè, mo nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tó tutù yẹn, ìgbà wo lẹ ṣí i wò kẹ́yìn?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni ń wo ọmọ kékeré. "A ò nílò ìyẹn. Iná kan wà lójú ẹ̀rọ wa tó ń fi hàn pé gbogbo ẹ̀ wà ní àlàáfíà."

"Àwọ̀ wo ni iná náà, sà?"

"Àwọ̀ ewé."

Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo ẹ̀rín. Èmi nìkan ni o. Heike fọwọ́ bo ojú.

Máìkì dé ọwọ́ mi

Ìgbà tó kàn mí ni wọ́n pe orúkọ mi. Alága ìjókòó náà, bàbá arúgbó onírun funfun kan, na máìkì sí mi. Ṣé màá gba nǹkan lọ́wọ́ irú bàbá bẹ́ẹ̀ lórí ìdúró? Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. Ni gbọ̀ngàn bá dàrú! Wọ́n rò pé mo dákú. Ọkùnrin méjì gbá mi lápá mú, obìnrin kan gbé omi dé (omi onígáàsì náà ni o), bàbá alára ti pọ́n bí ata, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, mò ń kí yín ni!"

Ìyẹn kéré. Àwòrán ọ̀rọ̀ mi, tó yẹ kí wọ́n gbé sára ògiri, mo ti fi ránṣẹ́ láti oṣù méjì sẹ́yìn. Èsì tí wọ́n fún mi nígbà yẹn ni pé: a ti rí i gbà, a ti kó o síbi mẹ́ta, kò séwu. Obìnrin tó jókòó ti kọ̀ǹpútà tẹ ibi àkọ́kọ́. Ògiri funfun. Ó tẹ ìkejì. Funfun. Ó tẹ ìkẹta. Ọ̀rọ̀ kékeré kan jáde pé ohun tí ẹ ń wá kò sí níbí. Mo sáré fa fláàṣì mi yọ nínú báàgì. Bákan náà!

Ara mi tutù ju ìlú yẹn lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí físà dé, mò ń jó níwájú kọ̀ǹpútà, ayọ̀ ò jẹ́ kí n ríran. Kì í ṣe fáìlì ni mo fi ránṣẹ́, kì í sì ṣe òun ni mo dà kọ sínú fláàṣì. Àmì kékeré tó máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà, tó kàn ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì wà, òun ni mo dà kọ. Fáìlì gangan jókòó ní Àpápá, kò kúrò. Àdírẹ́ẹ̀sì ni mo gbé rìn, mo fi ilé sílẹ̀. Èmi tí mò ń ké pé ẹ ṣí i wò, mi ò ṣí i wò! Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n àwọn náà ńkọ́? Oṣù méjì gbáko, ọ̀gá àwọn ọ̀gá ìtọ́jú fáìlì gbé òfìfo síbi mẹ́ta, wọ́n ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó yọjú wò ó.

Onítáì Pupa ń rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́ ẹ̀. Mo rí kọ́kọ́rọ́ yàrá sẹ́fà lójú ọkàn mi, ó ń fò lọ. Mo wo aago ara ògiri: aago mẹ́wàá ku díẹ̀. Nígbà òtútù, aago wọn àti tiwa kan náà ni. Mọ́ńdè. Aago mẹ́wàá ku díẹ̀. Ní Àpápá!

Mo fa fóònù mi yọ, mo gbé e sẹ́nu máìkì.

"Hẹ́lò, Bọ̀dá Kúnlé, ẹ káàárọ̀ sà."

"Títí? Ṣé wọ́n ti lé ẹ ni?"

"Rárá sà. Orí pèpéle ni mo wà, gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ yín. Ta ló kọ́kọ́ dé láàárọ̀ yìí?"

Kó tó dáhùn, ohùn mìíràn ti gba fóònù. "Èmi ni o! Èmi Bàbá Rìsí! Láti aago méje ni mo ti dé, mánìjà yín ní òun ò ráyè eré ọmọdé. Búrẹ́dì mi ti ń gbẹ!"

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Àwọn kan nàró lórí àga wọn. Mo sọ fún wọn bí à ń ṣe é, mo sì ní kí Onítáì Pupa fúnra ẹ̀ mú kọ̀ntẹ́nà, kí wọ́n má sọ pé a ti jọ sọ ọ́ sílẹ̀. Ó yọ ṣùtì. "Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oṣù kẹfà, ìkeje nínú àwọn tó wọlé lóṣù náà."

Mo pariwo ẹ̀ sínú fóònù.

"Títí, pa fóònù yẹn," Bọ̀dá Kúnlé ní. "Mi ò ṣe."

Áà! Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó fẹ́ kí n kùnà yìí gbàgbé ibi tó wà.

"Kò ṣe kẹ̀?" Bàbá Rìsí ti figbe ta. "Ẹ̀yin dírẹ́bà, ẹ wá o! Onídìgírì fẹ́ sin fáìlì! Ẹ bá mi gbé orin ẹ̀!" Ni orin bá sọ, ohùn bíi mẹ́wàá, pẹ̀lú fèrè tírélà lẹ́yìn ẹ̀:

Kúnlé sin ín, kò jí mọ́ o,
Ẹ bá wa gbé pósí wá!

"Ó tó!" Bọ̀dá Kúnlé ké. "Ẹ dákẹ́! Ta ló ní mi ò lè rí i? Ẹ gbé dísìkì wá!"

"Mo ti bu búrẹ́dì o," Bàbá Rìsí ní. "Fóònù mi sì ń ká a sílẹ̀, fídíò ni. Kúnlé, rẹ́rìn-ín fún wa!"

Ẹ̀yin ará mi, gbogbo gbọ̀ngàn ní Hamburg, pẹ̀lú kóòtù, pẹ̀lú táì, jókòó wọ́n ń gbọ́ bí Bàbá Rìsí ṣe ń jẹnu. Jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ẹnì kan ń bú aṣọ́bodè lókèèrè. "Ìdajì ló kù o!" Wọ́n ń wo ara wọn. "Àgànyìn ti tán, búrẹ́dì nìkan ló kù!" Alága arúgbó ti dìde dúró. "Òkèlè kan péré! Mo ti gbé e dẹ́nu!"

"Ó ti yọ!" Bọ̀dá Kúnlé figbe ta. "Ìkeje, oṣù kẹfà. Maṣíìnì ìránṣọ àlòkù. Dírẹ́bà tó gbé e..."

"Ta ni dírẹ́bà?" mo bi í.

"Bàbá Rìsí."

"Èmi! Hàáà! Mo rántí! Táyà mi méjì ló bẹ́ ní Ìjọra lọ́jọ́ yẹn, mo sùn sábẹ́ maṣíìnì!"

Nígbà tí mo túmọ̀ ìyẹn, gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Àwọn tí kì í kí ara wọn nínú ọkọ̀ ń gbá ara wọn léjìká! Mo yíjú sí Onítáì Pupa. "Ó kàn yín, sà. Ẹyọ fáìlì kan, látinú èyí tó tutù."

Ó tún táì ẹ̀ ṣe. Ó ní ti àwọn ò rọrùn bẹ́ẹ̀, pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè, á sì gbà tó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta.

"Ọjọ́ mẹ́ta!" mo ní. "Búrẹ́dì Bàbá Rìsí á ti bu!"

Ẹ̀rín yẹn ṣì wà létí mi.

Búrẹ́dì Bàbá Rìsí

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Rìsí fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nìkan, lẹ́yìn náà ó gbé ẹrù gba ọ̀nà Kánò. Bí mo ṣe dé ilé ní Sátidé, kí n tó tú àpótí aṣọ, mo da fídíò náà kọ sórí dísìkì. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣí i wò. Mo tún pa á, mo tún ṣí i. Màmá mi wò ó pẹ̀lú mi, ó ní kí ló dé tí Kúnlé ń làágùn tó báyẹn, ṣé wọn ò ní fáànù ni.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé abọ́ wọ kẹ̀kẹ́. Bọ̀dá Kúnlé ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ Alhaji. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì láàárín wọn.

"Alhaji, ó pè lóòótọ́," ó ń sọ. "Mo bá a wá fáìlì. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ń pè? Ó lè jẹ́ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ariwo tí mo gbọ́, tẹlifíṣàn ni."

Alhaji wò mí. "Títí, káàbọ̀. Fídíò àwọn òyìnbó dà?"

Mo ti béèrè fún un lọ́wọ́ wọn, èsì wọn sì ti dé láàárọ̀ yẹn gan-an. Mo kà á jáde, ohùn mi ń lọ sílẹ̀: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ti tọ́jú fídíò ọ̀rọ̀ mi síbi tó láàbò, ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé ṣí, wọ́n ń wò ó.

Bọ̀dá Kúnlé pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo. "Ẹ ti gbọ́, sà."

Ojú Alhaji wálẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí kọ́kọ́rọ́, mo sì ti ń nawọ́ sí ìdérí abọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Rìsí ni, erùpẹ̀ Kánò kún fìlà ẹ̀, ọ̀rá búrẹ́dì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kí Alhaji, ó fa àga, ó tú ẹ̀wà ẹ̀.

"Mọ́ńdè ni o. Àbí ẹ ti pa òfin rẹ́?"

Ó rẹ Alhaji. "Dárúkọ kọ̀ntẹ́nà, Bàbá Rìsí."

"Kì í ṣe kọ̀ntẹ́nà lónìí." Ó bu búrẹ́dì, ó tì í bọ ẹ̀wà, ó wò mí tààrà. "Títí ọmọ Àjégúnlẹ̀, ní Hamburg, Mọ́ńdè tó kọjá. Òyá, jí i dìde."

Mo ṣí abọ́. Mo ki okùn bọ dísìkì. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ṣí i.

Orin àwọn dírẹ́bà ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà, ohùn Bọ̀dá Kúnlé: "Ẹ gbé dísìkì wá!" Lẹ́yìn náà, látinú fóònù tó gbé dání, bí ẹni wà lókèèrè, ohùn òyìnbó kan lórí máìkì tó ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta, àti ohùn mi, àti ẹ̀rín gbọ̀ngàn odindi. Alhaji tẹ etí sí i. Ó ní kí n tún un gbé. Lẹ́ẹ̀kejì, fìlà ẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Kúnlé ń wo dìgírì ẹ̀ lára ògiri bíi pé ó fẹ́ kí ó gba òun sílẹ̀.

Alhaji fi ìka kan ti kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì títí ó fi dé iwájú mi.

Bàbá Rìsí wo búrẹ́dì ọwọ́ ẹ̀. "Mi ò tíì jẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ," ó ní, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú.

Àwọn ará Hamburg ṣì ń wá tiwọn. Tèmi wà nínú sẹ́fà, ó wà nínú abọ́ Màmá mi lórí kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí mo kọ yìí ló sì ṣe ìkẹta. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i wò tán yìí, ó sì jí.